Àmì Kan Lórí O

Orí àkàbà ni ọkùnrin náà wà nígbà tí obìnrin náà kọ́kọ́ rí i. Ó ń kọ pátákó tuntun sí iwájú ilé ìtẹ̀wé tí obìnrin náà ti ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kò sì fi àmì ohùn kankan sórí lẹ́tà.

"Bọ̀ọ̀dá, àmì dà?"

"Àǹtí, ẹni tó bá gbédè á mọ̀ ọ́n kà."

"Kò ní í mọ̀ ọ́n kà. Ẹ padà sókè, ẹ jọ̀ọ́."

Ó rojú, ó gòkè padà. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin náà ti sọ obìnrin yìí ní "Àmì mi". Bí eré bí àwàdà, wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ó ku oṣù mẹ́ta ni ìsoríkọ́ ki ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì gbẹ mọ́ inú agolo ọ̀dà. Kò fárùngbọ̀n, kò wẹ̀, kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ọkàn Àmì ò balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó á dìde, bó bá dìde á tún jókòó.

"Ọ̀lẹ ni," ìyá Àmì wí. "Ẹni tó ń sùn dọ̀sán lo fẹ́ fi ṣe ọkọ?"

"Màámi, àìsàn ni. Ó ti ń rí olùtọ́jú nílé ìwòsàn."

"Àìsàn tí ò ní ibà!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àmì yà sí yàrá ọkùnrin náà. Ó gbọ́ omi ní balùwẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Àfi bó ṣe rí bébà kan lórí tábìlì, tí wọ́n fi ìlà pín sí àyè mẹ́ta. Àyè àkọ́kọ́ nìkan ló ní ọ̀rọ̀: *O su mi.*

O sú mi! Ó gbà pé òun ló ń bá wí. Ó bọ́ òrùka àdéhùn ìgbéyàwó rẹ̀ sórí bébà náà, ó jáde. Ó dé ibùdókọ̀, kò wọkọ̀. Ó sọdá títì, ó tún sọdá padà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé ìyá rẹ̀, ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ ni wọ́n kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ni, sílípáàsì balùwẹ̀ ló wọ̀, ó di òrùka àti bébà mú.

"Kí ni mo ṣe, Àmì mi?"

"Mo ti sú ọ. Ìwọ lo kọ ọ́!"

Ó tọ́ka sí lẹ́tà àkọ́kọ́ lórí bébà náà. "Olùtọ́jú ní kí n máa kọ èrò tó bá ń dà mí láàmú. Kí n kọ ẹ̀rí tó gbè é sí àyè kejì, kí n kọ èyí tó takò ó sí ìkẹta. Ayé ló sú mi. *Ó*, kì í ṣe *o*."

Ojú ti Àmì: òun tó ń tún ìwé gbogbo ayé ṣe, òun náà gba èrò kan gbọ́ láìwá ẹ̀rí.

"Kí ló dé tí ìkẹta ṣófo?"

"Mi ò rí nǹkan kan kọ."

"Ta ló wẹ̀ lónìí? Ta ló rìn dé ibí?"

"Èmi."

"Ó yá, kọ ọ́." Ó na báírò pupa rẹ̀ sí i.

Ọkùnrin náà kọ ọ́: *Mo we. Mo rin de ibi.* Màmá wọlé lọ gbé àga wá fún un.

Ìsoríkọ́ náà ò tíì lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún sùn dọ̀sán lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó wá sílé ìyá Àmì yẹn, kó tó dá báírò padà, ó fi ìlà kan kún un tí ẹnikẹ́ni ò ní kó kọ, ó sì rọra fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀: *O ò sú mi rí.*