Aṣọ Funfun Inú Àpótí Màmá Effie

Yàrá tí àwọn oníjó ti ń pààrọ̀ aṣọ ní gbọ̀ngàn ìlú Kinlorran kò tóbi, kò sì sí ibi tí ọmọbìnrin kan lè fara pamọ́ sí nínú rẹ̀. Rhona kọjú sí ògiri, ó ń fa kíìtì rẹ̀ wá sílẹ̀ bíi pé fífà ló máa mú un gùn sí i. Yẹ̀rì oníṣẹ́po náà ti kúrò ní eékún rẹ̀ pátápátá. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn, aṣọ kò bá a gùn. Àwọ̀ rẹ̀ tún wá ṣú, aró àti ewé dúdú, irú aṣọ onílà tí wọ́n ń pè ní táátàn, tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀ lọ ṣọdẹ lórí òkè.

Ailsa, tí wọ́n jọ ń kọ́ ijó, wò ó láti òkè délẹ̀. Kíìtì tirẹ̀ funfun báláú, ilà pupa àti elésè àlùkò gba inú rẹ̀ kọjá.

"Rhona, ṣé ìdíje là ń lọ àbí o fẹ́ lọ yìnbọn fún àgbọ̀nrín?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Rhona náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ì bá ṣe, ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò sí i lójú.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ ń ṣe ní Inverness, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Màmá Effie, ìyá ìyá rẹ̀, ni wọ́n jọ ń gbé. Ó yẹ kó sọ fún un pé kíìtì òun ti kéré. Ṣùgbọ́n màmá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn látinú àìsàn ni, Rhona kò sì fẹ́ di ẹrù kún ẹrù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tan ara rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti mọ ibi tí aṣọ funfun wà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Màmá Effie lọ mu tíì lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìjọsìn, Rhona ṣí àpótí tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì màmá náà. Aṣọ irun àgùntàn kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó fẹ̀, ó gùn, ó funfun bíi wàrà, ilà búlúù àti pupa tín-ín-rín sì dábùú ara wọn nínú rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń rí i níbẹ̀, kò sì rí i kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́ rí. Ó dì í sínú báàgì ilé ìwé rẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Baird tó ń rán kíìtì lẹ́bàá afárá.

Ọkùnrin náà fọwọ́ pa aṣọ náà, ó pa á títí. Ó béèrè ẹni tó ni ín.

"Màmá mi àgbà ni. Àwọn ni wọ́n ní kí n gbé e wá, kí ẹ fi rán kíìtì ijó fún mi."

Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì ya Rhona fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀gbẹ́ni Baird ní kó kúnlẹ̀. Ó ṣàlàyé pé etí kíìtì gbọ́dọ̀ dé ojú eékún, kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀ bí oníjó bá kúnlẹ̀. Ó wọn ọ́n, ó ní àárọ̀ ọ̀la lòun máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Nígbà tí wọ́n ń mu ọbẹ̀ ọ̀dùnkún lálẹ́, Rhona fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tọ́ inú màmá rẹ̀ wò. Ó béèrè ìdí tí kíìtì àwọn oníjó fi máa ń funfun.

Inú Màmá Effie dùn sí ìbéèrè náà. Ó ní nígbà láéláé, àwọn obìnrin ilẹ̀ olókè wọn máa ń da aṣọ gígùn funfun bora láti orí dé kókósẹ̀. Earasaid ni wọ́n ń pè é. Bí irun àgùntàn ṣe wà ni wọ́n ṣe ń hun ún, wọ́n á wá pa díẹ̀ láró fún ilà. Àwọn àgbà sọ pé látara earasaid ni táátàn ìmúra ti ṣẹ̀: àwọn ahunṣọ mú táátàn ìdílé, wọ́n yọ ọ̀kan nínú àwọ̀ tó fẹ̀ jù níbẹ̀, wọ́n fi funfun rọ́pò. Ayẹyẹ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún. Wọn kì í wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀, wọn kì í sì í wọ̀ ọ́ lọ síbi òkú. Àwọn oníjó wá fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ojú ń rí i láti òkèèrè.

"Ìyá mi hun ọ̀kan fún mi," màmá náà wí. "Òun ni mo fi wé ìyá rẹ lára lọ́jọ́ tí mo gbé e kúrò ní erékùṣù wa. Ọkọ̀ ojú omi la wọ̀, òjò ń rọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ wa bíi kó gbé wa jù sómi, ọmọ ọwọ́ náà sì ń sùn ní tiẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá bímọ, tìrẹ ni."

Rhona ti àwo ọbẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Aṣọ tó gbé fún Ọ̀gbẹ́ni Baird nìyẹn.

Kò rí oorun gidi sùn. Nígbà tí wọ́n jókòó ti ògì ọ́ọ̀tì láàárọ̀, kò tọ́ ọ wò. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àpótí dórí irọ́ tó pa fún Ọ̀gbẹ́ni Baird. Màmá Effie gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wọ kóòtù, ó sì jáde. Rhona sáré tẹ̀ lé e. Òjò ń ṣẹ́, màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn yìí sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ti ṣí. Aṣọ náà wà lórí tábìlì, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Baird, ìrépé aṣọ kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sì ti bọ́ sílẹ̀. Màmá Effie gbé ọwọ́ lé tábìlì.

"Baird, jọ̀ọ́, dúró."

Ó dúró. Ó ní etí kan ṣoṣo lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kó lè gún régé. Màmá náà tú aṣọ náà, ó fọwọ́ wá a láti ìkángun dé ìkángun, ó wá rọra jókòó sórí àga, ó mí kanlẹ̀.

"Ó ṣì kù. Ọpẹ́ ni. Ó ṣì kù."

Rhona bú sẹ́kún. Ìtura ló pa á lẹ́kún ju ìtìjú lọ. Màmá rẹ̀ jẹ́ kó sunkún tó.

"Aṣọ kọ́ ló dùn mí tó bẹ́ẹ̀," ó wí. "O fi ẹnu mi parọ́. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé kíìtì rẹ ti kéré?"

"Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni, Màmá."

Ni Màmá Effie bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá Sorcha, oníjó kan ní ìlú náà tó ti lọ sí yunifásítì, ti ń bẹ òun látọdún tó kọjá pé kí òun wá ẹni tó máa wọ kíìtì ijó Sorcha, funfun onílà àwọ̀ ewé. Òun rò pé Rhona fẹ́ràn tirẹ̀ ni, torí kò ráhùn rí. Ọ̀gbẹ́ni Baird náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun lòun rán kíìtì yẹn, ó sì máa bá a mu.

Ó bá a mu. Lọ́jọ́ ìdíje, Rhona jó ijó orí idà méjì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, láìfẹsẹ̀ kàn wọ́n. Kò gba ipò kìíní, Ailsa ló gbà á, ṣùgbọ́n ara Rhona fúyẹ́ lọ́jọ́ náà ju bó ṣe máa ń rí lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń rán ìrépé náà padà mọ́ aṣọ funfun náà. Iṣẹ́ tí Màmá Effie fún un nìyẹn, kò sì bá a fọwọ́ kàn án. Ojú rírán náà wọ́, ó hàn gbangba. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé tó rí i, ó béèrè ohun tó ṣe aṣọ náà. Màmá Effie wo ojú Rhona. Rhona gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Èmi ni, Mọ́mì. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́."

Kò ṣòro fún un mọ́. Ohun tó ń wá kiri nínú àpótí lọ́jọ́ yẹn, ẹnu lásán ni ì bá fi béèrè rẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ì bá sì ti bá a wá a. Ọmọ tó bá lè sọ àìní rẹ̀ nílé kò ní í nílò láti jalè, kò sì ní í nílò láti parọ́.