Ìwé Gìtá Abẹ́ Tábìlì Àyìnkẹ́

Iṣẹ́ táyà ti sọ ọwọ́ Ládòkun di dúdú bí ìdí ìkòkò lọ́jọ́ tí Àyìnkẹ́ kọ́kọ́ rí i, àmọ́ ó nu ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kó tó fọwọ́ kan ìwé tí Àyìnkẹ́ ń tà lórí tábìlì. Gáréèjì Ìṣẹ́yìn ni o, lọ́dún 1981. Fọkanáísà ni Ládòkun, ó sì ń kọ́ gìtá. Ó ṣí ìwé àwọn onígìtá síwá, ó ṣí i sẹ́yìn, ó gbé e sílẹ̀, ó pòṣé.

“Bọ̀dá, ṣé ìwé mi ń rùn ni?”

“Kò rùn, Àǹtí. Kò ní nǹkan nínú ni. Láyé ọjọ́sí, wọ́n á ya okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbẹ̀, wọ́n á fi àmì síbi tí èèyàn máa tẹ̀. Mi ò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ àmì. Wàyí o, fọ́tò onírun gígùn àti ìpolówó ẹ̀rọ aláriwo ló kún inú ẹ̀. Ta ló máa fi ìyẹn kọ́ nǹkan?”

Àyìnkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa páálí jáde lábẹ́ tábìlì. Àwọn ìwé gìtá àtijọ́ ni, èyí tí kò tà látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ń tàwé níbẹ̀. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀, àmì wà lórí ẹ̀.

“Kó gbogbo ẹ̀ fún mi!”

“Kí n kó gbogbo ẹ̀ fún yín, kí n má rí yín mọ́? Ẹyọ kan lọ́sẹ̀.”

Kí páálí tó ṣófo, Bọ̀dá ti di Ládòkun mi.

Bàbá Àyìnkẹ́ gbọ́, ó fàáké kọ́rí. Ọmọ òun kọ́ ni yóò fẹ́ ẹni tó ń kọrin fọ́mùtí. Nígbà tó rí i pé Àyìnkẹ́ ò yí padà, ó ránṣẹ́ pe Ládòkun.

“Gbé gìtá yẹn jùnù títí láé, kó o mú ìyàwó lọ.”

Ládòkun dọ̀bálẹ̀. Omi lé ròrò sójú ẹ̀. “Mo ti gbé e jùnù, Bàbá.”

“Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yẹn?” Àyìnkẹ́ ló dìde fùú. “Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ẹni tó bá torí mi ju iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ nù lónìí, á torí ẹlòmíì ju èmi náà nù lọ́la. Tí kò bá ti ta gìtá mọ́, mi ò fẹ́ ẹ. Tí kì í bá sì í ṣe òun, ẹ múra, inú ilé yín yìí ni mo máa gbó sí.”

Bàbá wò ó, ó wò ó. Ó yíjú sí Ládòkun.

“Ṣé o gbọ́ ẹnu ẹ̀? Ṣé o lè gbà á bẹ́ẹ̀?”

“Mo lè gbà á, Bàbá.”

“Dìde ńlẹ̀. Lọ gbé gìtá ẹ, kó o lọ sọ fún àwọn ará ilé ẹ pé mò ń retí wọn. Ẹ̀yin olóríkunkun méjèèjì, ẹ bára yín mu.”

Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn ẹbí Ládòkun ti ru iṣu ìdána dé ẹnu ọ̀nà.