Orí Kẹrin Ìwé Làtíìfù

Sísùn ni Rùkáyàt sùn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pàdé Làtíìfù. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ibi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Brockley, ní London, ló ti ń bọ̀ tààrà. Làtíìfù, olùkọ́ yunifásítì, ń sọ ìtàn ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ní láíbìrì Peckham, gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ le bí òkúta. Nígbà tó parí, ó wá bá a, ó bi í bóyá ọ̀rọ̀ òun burú tó bẹ́ẹ̀ ni.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú," Rùkáyàt fèsì. "Kò burú. Ta lẹ̀ ń bá sọ ọ́ gan-an?"

Ìbéèrè yẹn wọ Làtíìfù lára, torí ìwé ló ń kọ lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì fẹ́ kí èrò ọjà Rye Lane lè kà á. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń ka èyí tó bá kọ fún Rùkáyàt. Ibi tí kò bá yé e, Làtíìfù á fagi lé e. Ká tó wí ká tó fọ̀, "Bọ̀dá" ti di "ọkàn mi."

Rùkáyàt wá tú àṣírí kan fún un. Alhaji Ọláoyè, bàbá rẹ̀, máa ń sọ fún gbogbo ayé pé àwọn fúnra àwọn làwọn fi iṣẹ́ sílẹ̀ n'Ìkẹjà wá sí London. Irọ́ ni. Ńṣe niṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nílé iṣẹ́ tó ń hun aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó wọn ni wọ́n sì tà fi ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọlọ́gbọ́n ọ̀hún gbé e sí orí kẹrin! Kò dárúkọ, àmọ́ ó kọ ọ́ pé ọmọ Ìsẹ́yìn ni, pé bọ́ọ̀sì ló ń wà ní Peckham báyìí. Ẹni mélòó ló rí bẹ́ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí wọn? Ìwé ò tíì pé oṣù kan nígboro tí gbogbo èèyàn fi mọ̀ pé Alhaji ni.

Alhaji ò kírun Jímọ̀ láàárín èèyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní Rùkáyàt ò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹni tó bọ́ aṣọ lára àwọn ní gbangba. Ọmọbìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Inú ń bí i sí Làtíìfù, àárò rẹ̀ tún ń sọ ọ́, ó sì mọ̀ pé bí bàbá òun ò bá gbà, òun ò ní so yìgì láé.

Làtíìfù wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun jẹ̀bi, òun ò tọrọ àyè, àwọn fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀, òun á yọ Ìsẹ́yìn àti bọ́ọ̀sì kúrò níbẹ̀.

"Ẹnu èèyàn ni mo ti gbọ́ ohun tó o kọ," Alhaji ní. "Kà á fún mi."

Làtíìfù dìde jókòó sílẹ̀, ó kà á. Lọ́dún 1986, ìjọba jẹ́ kí náírà já wálẹ̀. Aró àti ẹ̀yà ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ń rà lókè òkun wá wọ́n gógó, ni wọ́n bá ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtẹni tó mọṣẹ́ àtọ̀lẹ, ọjọ́ kan náà ni wọ́n lé wọn. Ọkùnrin yìí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Alhaji bọ́ awò ojú wọn.

"Láti ìgbà yẹn," wọ́n ní, "mo rò pé èmi ni mi ò mọṣẹ́ tó."

Rùkáyàt ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ tì wọ́n, ó di ọwọ́ wọn mú. Làtíìfù ni wọ́n tẹjú mọ́.

"Má yọ nǹkan kan níbẹ̀," wọ́n ní. "Fi orúkọ mi sí i. Kó o sì sọ fáwọn òbí ẹ, kí wọ́n máa bọ̀ ní Sátidé."