Ẹ̀dà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣí Wò

"Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹ̀dà fáìlì àwọn oníbàárà yín, ẹ dìde," ni olùbánisọ̀rọ̀ níbi àpérò kan wí.

Gbogbo àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ní Kathmandu dìde. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń bá ilé ìwòsàn àti ilé ìwé ṣọ́ kọ̀ǹpútà wọn láti ọ̀nà jíjìn.

"Ẹni tí kò bá tíì ṣí ẹ̀dà náà wò lóṣù yìí, kó jókòó."

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín ìtìjú, wọ́n ń jókòó. Ẹni mẹ́fà péré ló kù lórí ìdúró, Hemraj sì wà lára wọn. Ó fọwọ́ kan ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti jókòó léjìká. "Dìde, ìwọ lo ń ṣe é."

Simrika, ọmọ ọdún méjìdínlógún, dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi lọ́mọ yìí," ni ọkùnrin ará ìlú Biratnagar kan sọ lẹ́yìn wọn. "Tèmi ò ní ṣí abọ́ oúnjẹ wò kó tó sọ pé kò dùn."

Simrika rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó mọ̀ pé ìdúró náà kò tọ́ sí òun. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, òun ló yẹ kó gbé fáìlì kan jáde látinú ẹ̀dà ilé ìwòsàn ojú kan ní ìlú Tansen, kó ṣí i, kó kà á, kó tó fọwọ́ sí ìwé ọ́fíìsì pé ẹ̀dà náà dára. Nígbà tí ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ dé, kò ráyè. Ẹ̀rọ ń fi àmì aláwọ̀ ewé hàn pé ẹ̀dà ti wọlé, ó sì ń fọwọ́ síwèé láìṣí nǹkan kan. Ìdánwò parí, kò padà sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó di oṣù mẹ́rin.

Nígbà tí wọ́n jáde lọ mu tíì, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbìyànjú láti ṣí ẹ̀dà náà. Ẹ̀rọ béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Èyí tó mọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìgbà yẹn ló rántí pé bàbá òun ti pààrọ̀ rẹ̀, ó kọ tuntun tó gùn, tí kò rọrùn láti há sórí, sínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, ó sì ní kí òun dà á kọ sínú ìwé ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e. Kò dà á kọ. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé tí wọ́n fi í tì.

Bó bá pe ilé ìwòsàn náà kí wọ́n kà á fún un, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ yóò gbọ́, bàbá rẹ̀ sì ń gbé àwo momo, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ẹran sínú, kiri láàárín àwọn èèyàn, ó ń ròyìn ọmọ rẹ̀ fún wọn. Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Ó ní tí àpérò bá parí lọ́la, òun á sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì Devaki pè láti Tansen. Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ti gbogbo fáìlì ilé ìwòsàn pa.

"Fọkàn balẹ̀, àbúrò," ni Hemraj wí. "Ẹ̀dà wà." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun dà?"

Simrika jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: inú kọ̀ǹpútà tí àwọn olè tì pa yẹn nìkan ló wà.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Àná, Bàbá. Nígbà tí ẹ ń mu tíì."

"Ká ní o sọ lánàá ni, à bá ṣì rí i gbà."

Hemraj fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀. Ó tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè rántí. Ará Biratnagar fa àga sún mọ́ ọn, òun náà tẹ̀ ẹ́ títí. Olùbánisọ̀rọ̀ àná wá wò ó, ó mi orí, ó lọ. Ní Tansen, èèyàn mọ́kànlá ló ń dúró de iṣẹ́ abẹ ojú, ìyá arúgbó kan sì ti lo ọjọ́ méjì lọ́nà. Ojú wo ni wọ́n fẹ́ ṣe? Dígí tó tóbi tó báwo ni wọ́n máa fi sí i? Inú fáìlì tí wọ́n tì pa ló wà. Látinú fóònù, Simrika ń gbọ́ ohùn Devaki tó ń ní kí wọ́n máa lọ sílé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó lè ṣe.

Àwọn fáìlì náà kò padà wá.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Simrika ṣí ìwé ọ́fíìsì. Ó fa ìlà sórí ìbuwọ́lùwé rẹ̀ mẹ́tàdínlógún, ó kọ "N kò ṣí i" sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé e síwájú bàbá rẹ̀. Hemraj kà á dé ìsàlẹ̀. Ó mú bírò, ó fọwọ́ sí i pé òun ti kà á.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ojú yín kò bá rí, ẹ má fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí i, ẹ tètè sọ, nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe. Simrika náà fẹ́ sọ. Ọ̀la ló fi í sí.