Ìyá Tí Ohùn-Oyin Pè Ní Ọ̀mùtí

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbọ́ igbe. Iléeṣẹ́ ìpè pàjáwìrì ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá gbọọrọ kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Bí ilé bá ń jó, bí aboyún bá ń rọbí lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni aráàlú ń pè. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á wá fi rédíò pe àwọn panápaná, àwọn ọlọ́pàá, tàbí awakọ̀ tó ń gbé aláìsàn.

Ohùn-Oyin ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ohùn rẹ̀ a máa fi ọkàn ẹni tí jìnnìjìnnì bò balẹ̀. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi í yangàn.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Fìláàsì tó máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tíì kọ́ ló wà nínú rẹ̀, ọtí líle ni. Ìdérí kan ló fi bẹ̀rẹ̀, láti fi gbàgbé igbe tó ń gbọ́. Nígbà tó yá, kò lè gbé ìpè kankan láìkọ́kọ́ mu. Ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ títí, ó sunkún títí, ó wá dákẹ́.

Ẹni tí kò dákẹ́ ni awakọ̀ kan tó ń gbé aláìsàn, onígbàgbọ́ tí òun àti Ohùn-Oyin jọ máa ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Bí wọ́n bá pàdé níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, a sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀rẹ́ mi, mò ń gbọ́ ọtí nínú ohùn rẹ. Jésù lè gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ohùn-Oyin a rẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀, wa ọkọ̀ rẹ jàre. Ọ̀run ò tíì pè mí. Tó bá pè, ṣebí iṣẹ́ mi ni kí n gbé fóònù."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìpè wọlé. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bíi ti ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wú. "Ẹ gbà mí... ọwọ́ mi... ọwọ́ mi ò..."

Ohùn-Oyin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fìláàsì rẹ̀ tán. Ẹ̀rín pa á. "Ìyá, ẹ ti mu ún yó lọ́sàn-án gangan. Ojú ò tiẹ̀ tì yín, àgbàlagbà bíi tiyín? Ẹ lọ sùn." Ó sì pa ìpè náà. Nọ́ńbà kan náà tún pè. Kò gbé e.

Ó pẹ́ kí aládùúgbò kan tó rí obìnrin náà nílẹ̀ nínú ilé ìdáná rẹ̀, tó sì pè. Òṣìṣẹ́ mìíràn ló gbé ìyẹn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lu ìyá náà, òun ló mú un láhọ́n. Wọ́n pe ọkọ̀ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ. Bí wọ́n ṣe ka àdírẹ́ẹ̀sì, gbogbo yàrá gbọ́ ohùn awakọ̀ onígbàgbọ́ náà lórí rédíò pé, "Ilé màmá mi nìyẹn. Mo ti ń lọ."

Ohùn-Oyin wo ẹ̀rọ iwájú rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì náà ló wà lábẹ́ ìpè tó pa. Ọtí dá lójú rẹ̀ wáí.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá wọn obìnrin pè é sí ọ́fíìsì. Wọ́n máa ń gba ohùn gbogbo ìpè sílẹ̀. Ọ̀gá kò bá a wí, ó kàn tan ohùn náà fún un. Ohùn-Oyin gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀. Ó gbọ́ bí òun ọ̀mùtí ṣe ń bi aláìsàn bóyá ojú ò tì í. Ó ń wá ibi tí yóò fojú sí.

"Ṣé ohùn yín nìyẹn?"

"Ohùn mi ni, mà."

"Ẹ fi káàdì iṣẹ́ yín sílẹ̀."

Nígbà tó ń kọjá láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó bú u. Ọ̀kan nínú wọn kàn yí àga rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Èébú ìbá sàn.

Ó sé ara rẹ̀ mọ́lé. Bí fóònù bá dún, a sá wọ yàrá. Níkẹyìn, ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ó bá awakọ̀ náà lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá àwọn aláìsàn.

"Èmi ni mo gbé ìpè màmá. Èmi ni mo pè wọ́n lọ́mùtí."

Awakọ̀ náà dìde, ó kọjú sí ògiri. "Mo ti gbọ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n lù ọ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ni mo ti ń gbàdúrà sí i."

"Lù mí. Ó tọ́ sí mi."

"Bí mo bá lù ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ á ṣì wà lọ́rùn rẹ. Wọ́n ti lu Jésù nítorí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ títútù náà, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń kọjá. Ohùn tó fi ń yangàn ti ha. "Olúwa, mo jẹ̀bi. Mi ò ní àwáwí. Jésù, ṣàánú mi, kó o gbà mí."

Nígbà tí wọ́n wọlé tọ ìyá náà, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ ẹni tí àlejò náà jẹ́ fún un. Ohùn-Oyin kò lè gbójú sókè. Ó wá mọ̀ pé ọwọ́ kan wà lórí òun. Ọwọ́ òsì ìyá náà ni, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Wọn kò dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un, kò sì bèèrè. Ọtí náà kò lọ wẹ́rẹ́. Ó gbọ̀n, ó làágùn, ó ké pe Olúwa, ìyàwó rẹ̀ sì dúró tì í. Ní báyìí, ó ń fọ àwọn ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, ó sì máa ń lọ jókòó ti ìyá náà bó ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ padà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá há sí i lẹ́nu, ojú a tún ti Ohùn-Oyin. Ṣùgbọ́n kì í tìtorí rẹ̀ sá fún Ọlọ́run mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá ìwọ kì í mutí. Ta wá lo já kulẹ̀ nígbà tó nílò rẹ? Kí ni ìwà tó o ń bò, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tú u síta lónìí, o kò ní lè wo ojú ọmọ rẹ? Ọlọ́run ti rí i, síbẹ̀ ó rán Ọmọ rẹ̀ wá kú fún ọ. Má dúró kí ojú kọ́kọ́ yéé tì ọ́ kó o tó wá. Mú ìtìjú náà dání, kó o máa bọ̀ lọ́dọ̀ Jésù. Kò sí ẹni tó wá bẹ́ẹ̀ tó lé padà rí. Má sọ pé ó di ọ̀la, ta ló mọ̀ bóyá ahọ́n rẹ á ṣì yí lọ́la? Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yẹn. Sọ fún un nísinsìnyí.