Ohùn Mirna Nílé Aṣòfin

"Kì í ṣe ìpolówó ọjà ni mo ní kí o ṣe," Rolando tó ń ta tíì wí, ó sì gbé fóònù tuntun kan lé orí ògiri kúkúrú tó yí ilé iṣẹ́ rédíò ká. "Ṣé o máa ń mu tíì?"

"Ta ni kì í mu tíì?" Mirna dá a lóhùn.

"Ó parí. Ìwọ ṣáà sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lórí afẹ́fẹ́ pé tíì Silueta lò ń mu, pé òun ló jẹ́ kí o rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí. Ọ̀rẹ́ ló ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Èwo ló wá kan òfin níbẹ̀?"

Mirna wo fóònù náà títí. Ojú fóònù tirẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́yìn ní kíláàsì sì ti sọ ọ́ lórúkọ. "Aláwo-fífọ́, yà wá ní fọ́tò kẹ̀!" ni wọ́n ń wí, wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára ju bó ti yẹ lọ. Ó gba fóònù, ó gba páálí tíì kan mọ́ ọn. Tíì náà ò kan ahọ́n rẹ̀ rí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ béèrè ibi tí fóònù ti wá, ó ní ilé iṣẹ́ rédíò ló fi ta òun lọ́rẹ.

Rédíò Ko'ẽ ni gbogbo ìlú Potrero Jazmín ń gbọ́. Don Eulalio Brítez, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló dá a sílẹ̀ nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀. Nígbà náà, òfin ò gba irú rédíò kékeré bẹ́ẹ̀ láyè láti polówó ọjà. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, wọn á po ìyẹ̀fun gbágùúdá pọ̀ mọ́ wàràkàṣì, wọn á yan án ní chipa, wọn á sì tà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n àbádòfin tuntun kan ti wà níwájú àwọn aṣòfin ní Asunción, olú-ìlú. Bó bá kọjá, irú wọn yóò lè gba ìpolówó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà ìlú wọn, wọn yóò sì máa rí díẹ̀ nínú owó tí ìjọba ń ná sórí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Wọ́n ní àwọn ará oko á kàn máa fi rédíò tan aráàlú jẹ ni.

"Títí òfin yóò fi yí padà," Don Eulalio ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn, "ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ mi polówó ọjà. Ẹ má fún wọn ní ohun tí wọ́n á fi bú wa."

Ọ̀sán Sátidé ni ètò àwọn ọ̀dọ́ tí Mirna ń ṣe. Don Eulalio ń sun oorun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí Mirna rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀rọ, tó ní, "Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ ti ń bi mí pé kí ni mò ń jẹ tí mo fi rí báyìí. Ó dáa, mo fẹ́ tú àṣírí. Tíì Silueta ni. Bí mo bá ti mu ún láàárọ̀, ó tán."

Ọmọ kíláàsì wọn kan wà tó ń jẹ́ Zunilda. Ó sanra díẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì sí Sátidé tí kì í fi ìkíni ránṣẹ́ sí ètò náà. Zunilda lọ ra tíì. Ó ń mu ún láàárọ̀, ó ń mu ún lálẹ́, ó sì pa oúnjẹ tì. Kò pẹ́ tó fi ṣubú lulẹ̀ gbì lórí pápá níbi tí wọ́n ti ń ṣeré ìdárayá. Nílé ìwòsàn, omi ni wọ́n ń fà sí i lára. Àwọn ọmọ kíláàsì ń sọ pé ebi ló pa á. Mirna gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá Zunilda fúnra rẹ̀ pé tíì náà ló ṣe é. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ilé aṣòfin pe àwọn onírédíò kékeré wá sọ tẹnu wọn. Don Eulalio ní Mirna ni yóò sọ̀rọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ì bá kọ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò bi í pé kí ló dé. Ó bá a lọ.

Àríyànjiyàn ti gbóná kí wọ́n tó dé. Aṣòfin Ocampos ló wà lórí ìdúró, ó ń na ìka síwájú. "Ẹni tí kò bá lè sanwó iná, kó pa rédíò rẹ̀, kó lọ dáko!"

"Kí àwọn àgbẹ̀ ya odi nítorí pé ẹ̀yin ọlọ́lá ò fẹ́ gbọ́ ohùn wọn?" ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín gba yàrá náà kan, alága sì ń lu tábìlì.

Ó kan Mirna. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, wọ́n ní a óò tan aráàlú jẹ. A ò tan ẹnikẹ́ni jẹ rí. Àwọn tó ń gbọ́ wa, aládùúgbò wa ni wọ́n, ọmọ kíláàsì wa ni wọ́n. Báwo la ṣe fẹ́ purọ́ fún wọn?"

Àtẹ́wọ́ ròkè. Don Eulalio nu ojú rẹ̀.

Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, obìnrin aṣòfin kan tó ń jẹ́ Perla Noguera gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ gbohùngbohùn. Kò sọ̀rọ̀. Ohùn ọmọbìnrin kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti orí rédíò ló jáde, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ó dáa, mo fẹ́ tú àṣírí. Tíì Silueta ni…"



"Ọmọ mi," aṣòfin náà wí, kò pariwo rárá, "ohùn ta nìyẹn?"

Mirna di etí tábìlì mú. "Wọ́n… wọ́n ní kí n sọ ọ́ ni."

"Ta ni wọ́n?"

Mirna ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yí, ó lọ bà lé Don Eulalio, gbogbo ojú tó wà nínú yàrá náà sì tẹ̀ lé e.

Bàbá náà wò ó. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà, ó dìde. "Èmi ni olórí ilé iṣẹ́ náà," ó wí. "Ohun tó bá jáde níbẹ̀, ọrùn mi ló wà." Mirna ì bá sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó jókòó síbẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn padà, obìnrin oníchipa kan wọlé. Don Eulalio ra ọ̀kan, ó bù ú sí méjì. "Jẹun. Ọ̀nà jìn."

"Sà, ẹ bá mi wí."

"Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bá ọ wí láti ìgbà tí a ti kúrò níbẹ̀," bàbá náà wí. "Mi ò rí i." Ó yí ojú sí fèrèsé. Mirna fi chipa tirẹ̀ sínú àpò.

Ìròyìn ti dé ìlú ṣáájú wọn. Lórí rédíò ńlá, Aṣòfin Ocampos ń sọ̀rọ̀ "arúgbó kan ní Potrero Jazmín tó ń fi ẹnu ọmọ ọlọ́mọ ta májèlé". Nísọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n ń pe Don Eulalio ní Bàbá Onítíì. "Ikùn mi ti yọ o, Bàbá Onítíì, ẹ bù fún mi níbẹ̀!" Lọ́jọ́ Àìkú, chipa rédíò kún apẹ̀rẹ̀ títí tó fi le gan-an bí òkúta. Kò sẹ́ni tó rà á.

Inú bí ìyá Mirna. "Ọkùnrin tó kọ́ mi níwèé! Ó wá lo ọmọ mi! Mò ń lọ bá a, yóò rí mi lónìí."

"Màámi, ẹ má lọ."

"Èmi ni kí n má lọ?"

"Èmi ni mo ṣe é!" Ẹkún bẹ́ lẹ́nu Mirna. "Bàbá ò mọ nǹkan kan. Rolando ló fún mi ní fóònù. Mo purọ́ fún yín. Mo sì jẹ́ kí wọ́n bú u."

Ìyá rẹ̀ rọra jókòó. "Wọ bàtà rẹ," ó wí.

Ilé Zunilda ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ọmọ náà wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ti rù, ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Mirna dópin.

"Mo mọ̀ pé àwọn tó ń polówó máa ń purọ́," Zunilda wí. "Tó bá jẹ́ pé o ní ìpolówó ni, mi ò bá tí rà á. Ìwọ lo sọ ọ́, Mirna. Ọ̀rẹ́ mi ni mo pè ọ́."

Mirna ò mọ ibi tó máa kọjú sí. Ì bá wù ú kí Zunilda gbá a létí.

Ní Sátidé, Mirna ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ lórí afẹ́fẹ́, Don Eulalio sì ṣí ẹ̀rọ fún un. "Ṣé kí n bọ́ síta?"

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́: fóònù, irọ́, ọ̀rọ̀ Zunilda, àti ojú tó yí sí bàbá náà nílé aṣòfin. Ó sunkún, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ.

Aṣòfin Noguera gbọ́ nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dìbò lórí àbádòfin náà, ó jẹ́ kí gbogbo ilé aṣòfin gbọ́ ètò náà. "Ọmọ tó ṣàìsàn náà ló ti bá wa ṣòfin," ó wí. "Ẹni tó bá polówó, kó sọ pé ìpolówó ni." Wọ́n fi gbólóhùn yẹn kún àbádòfin, ó sì kọjá. Gbogbo rédíò kékeré jèrè, àfi Rédíò Ko'ẽ. Nítorí pé ó ti rú òfin àtijọ́, wọ́n ní kò gbọdọ̀ gba ìpolówó kankan fún ọdún kan, wọ́n sì gba ètò ọ̀dọ́ lọ́wọ́ Mirna.

Ọwọ́ Mirna ló ń po ìyẹ̀fun chipa báyìí. Àwọn èèyàn ti ń rà á díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé kan ṣì wà tí wọn ò gbọ́ ètò ọjọ́ yẹn. Bí wọ́n bá rí Don Eulalio lójú pópó, wọn a ké pé, "Bàbá Onítíì!" Mirna a sì sáré tẹ̀ lé wọn, a máa mí hẹlẹhẹlẹ, a ní, "Kì í ṣe òun. Èmi ni." Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sá lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó bá ta ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ lè sọ òótọ́ lọ́jọ́ kan, ó sì yẹ kó sọ ọ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n òótọ́ kì í yára ẹsẹ̀ bí irọ́ tó ti ṣáájú rẹ̀ jáde nílé.