Ìyá Tó Dúró Lẹ́nu Géètì Bárékè

Ogun Gulf ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ni, ní oṣù kìíní ọdún 1991, nígbà tí Woolwich, nílùú ọba, ṣì jẹ́ ìlú sójà ní tòótọ́. Ní àárọ̀ Sátidé kan, àwọn ìyàwó sójà ń ra búrẹ́dì lọ́jà, ojú wọn pọ́n, rédíò kò sì sọ nǹkan míì ju bọ́ǹbù lọ. Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù kò dúró de ogun. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú náà fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ sójà figagbága lórí pápá inú bárékè, Jìmí sì ni gbogbo èèyàn fẹ́ wò.

Ọdún àkọ́kọ́ Jìmí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀gbọ́n nínú tíìmù tó lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní aṣojú kílọ́ọ̀bù ńlá kan ń bọ̀ wá wò ó. Orí ọmọ náà sì ti wú díẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ìyá rẹ̀, Mọ́wùnmí, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó jẹun, ní àníyàn tirẹ̀. Wòlíì ríran ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Thamesmead pé kó gbàdúrà gidi sórí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Bí àdúrà àárọ̀ ti parí, ó gbé ìgò omi àdúrà, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó di Woolwich. Sùtánà funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lásán, nítorí nínú ìjọ wọn, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré.

Sójà dá a dúró lẹ́nu géètì. Nítorí ogun, àlejò kò gbọdọ̀ wọlé àfi tí ẹnìkan tó wà nínú bárékè bá ní òun mọ̀ ọ́n. Jìmí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré na ara nítòsí ibẹ̀.

"Jìmí! Jìmí mi! Jọ̀ọ́, wá bá mi sọ fún wọn. Wọ́n ní security ni."

Amos, balógun tíìmù, bú sẹ́rìn-ín. "Áńgẹ́lì rèé o! Ó gbàgbé bàtà sí ọ̀run!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Jìmí náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ọmọ yìí rò pé ẹ̀rín Amos ni ẹ̀sín.

Sójà yíjú sí Jìmí. "Ṣé o mọ obìnrin yìí?"

"Rárá. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Kò sí àkùkọ ní Woolwich tí ì bá kọ. Mọ́wùnmí wo ọmọ rẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín sí sójà náà. "Sorry, sir. Mo ṣì í mú fún ọmọ mi ni." Ó yí padà, ó ń tẹ yìnyín lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró.

Jìmí gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohunkóhun kò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kílọ́ọ̀bù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó bi í bóyá ará ilé rẹ̀ wá. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè.

Nígbà tó dé ilé wọn ní Tavy Bridge, ní Thamesmead, ìyá rẹ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ó ń bá Auntie Falilat, aládùúgbò wọn, sọ̀rọ̀. "Àwọn sójà ò jẹ́ kí n wọlé. Ogun ni, wọn ò lẹ́bi." Ó ti bu oúnjẹ sílẹ̀ fún Jìmí. Ó jẹ ẹ́ tán, ó wọlé lọ sùn láì tọrọ àforíjì.

Ogun parí, àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn ìyá tò sẹ́nu géètì, wọ́n ń pariwo orúkọ ọmọ wọn. Jìmí kọjá níbẹ̀, ó sunkún. Nígbà tí ìdíje àṣekágbá kọ́lẹ́ẹ̀jì lórí pápá bárékè kan náà kù sí dẹ̀dẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Mummy, mo ti ṣẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò mí. Ẹ wọ sùtánà yín wá."

"Dìde, ọkọ mi. Mo ti gbàgbé ìyẹn." Ó ń ká aṣọ bọ́ọ̀lù rẹ̀, kò bínú, ó kàn ń béèrè ni. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí lẹ́nu géètì, ta ni kí n ní mo wá wò?"

Jìmí gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdíje náà, òun nìkan ló lọ.